Ibo Ni Yóò Padà Sí?

Ẹ̀yin ìjòyè àti ọ̀mọ̀wé Ìbàdàn, ọmọ Bẹẹrẹ tí ó gba ìtọ́jú nítorí ọtí tàbí igbó, ibo ni ó ń padà sí? Ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ ẹlẹ́mu kan náà ni, láàárín àwọn ọ̀rẹ́ àná. Ní 1954, Dókítà Adéoyè Lámbò fi àwọn alárùn ọpọlọ wọ̀ sọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn Aró ká ní Abẹ́òkúta. Ìbátan wọn ń bá wọn gbé, wọn a sì máa gba ìtọ́jú. Àrùn tiwọn yàtọ̀, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ibùgbé wà lára ìwòsàn náà. Agbo ilé wa, tí ó ń gba àlejò tí a kò mọ̀ rí, kò ha lè yọ yàrá méjì sílẹ̀ fún ọmọ tirẹ̀, pẹ̀lú àgbà kan tí kì í mutí? Ẹgbẹ́ yìí ń retí baálé tí yóò kọ́kọ́ dáhùn.