Ẹ̀yin Òbí Peckham, Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Kọ Ọ́

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin tí ẹ ń wọ bọ́ọ̀sì ní Rye Lane kí ilẹ̀ tó mọ́, tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ méjì kí ọmọ lè kàwé, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa torí rẹ̀ la òkun kọjá: ká lè rí ọmọ wa ní fásitì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ké gbàjarè. Ẹ jẹ́ ká jáwọ́ nínú màgòmágó ìdánwò, ká sì jáwọ́ nínú bíbá ọmọ kọ ohun tó yẹ kó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ilẹ̀kùn tí a rò pé à ń ṣí fún wọn, à ń tì í mọ́ wọn lójú ni.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ ara mi. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ìyá kan wá bá mi lẹ́yìn ìsìn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ personal statement ọmọ yìí. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n kọ. Kó ṣáà ti wọlé." Mo bá a kọ àkọsílẹ̀ náà, èyí tí ọmọ fi ń sọ fún fásitì ìdí tó fi fẹ́ kàwé níbẹ̀. Ó dùn ún kà. Fásitì kan pe ọmọ náà láti wá fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Wọ́n ní, "O kọ ọ́ pé ìwé kan lórí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ló jẹ́ kó o fẹ́ di dókítà. Kí lo kà níbẹ̀ tí o kò gbà?" Èmi ni mo ka ìwé náà, òun kò kà á. Ọmọ náà tẹjú mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀ títí wọ́n fi bọ́ sórí ìbéèrè mìíràn. Ẹnikẹ́ni kò fẹ̀sùn kàn án, àmọ́ wọn kò gbà á. Èmi tí mo rò pé oore ni mo ṣe, èmi gan-an ni mo gba àyè náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ti àwọn mìíràn kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí àṣírí tó tú. UCAS tó ń gba ìwé àwọn tó fẹ́ wọ fásitì ní ẹ̀rọ tó ń fi àkọsílẹ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan wé ti àwọn tó ti kọ ṣáájú. Nígbà tí wọ́n yẹ àwọn àkọsílẹ̀ wò lọ́nà yìí, tí ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2007, ọmọ 234 ló kọ ọ́ pé àwọn fi kẹ́míkà jó aṣọ ìsùn àwọn nígbà tí àwọn wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ. Igba ọmọ ó lé, iná kan ṣoṣo! Tí ẹ̀rọ náà bá mú ọmọ lónìí, UCAS yóò fi tó ọmọ náà àti àwọn fásitì tó yàn létí, ọwọ́ àwọn fásitì náà sì ni ìdájọ́ wà.

Gbọ̀ngán ìdánwò ńkọ́? Nínú GCSE àti A-level, fóònù tó wà lápò ọmọ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, bí a tilẹ̀ ti pa á. Aago ọwọ́ náà kò gbọdọ̀ wọlé. Ofqual, àjọ tó ń mójú tó ìdánwò, a máa tẹ iye àwọn tọ́wọ́ bá tẹ̀ jáde lọ́dọọdún. Ọ̀ràn fóònù ló sì ń léwájú. Ìjìyà lè bẹ̀rẹ̀ lórí ìkìlọ̀, ó lè jẹ́ máàkì tí wọ́n yọ, wọ́n sì lè fagi lé odindi iṣẹ́ kan. Tí fásitì bá ní kí ọmọ mú A méjì àti B kan wá, tí iṣẹ́ kan sì ṣófo nígbà tí èsì jáde lóṣù kẹjọ, kí ló kù? Ẹ má sì gbàgbé pé ilé-ìwé ló ń kọ ẹ̀rí ọmọ ránṣẹ́ sí fásitì. Olùkọ́ wo ni yóò jẹ́rìí sí ọmọ tí kò fọkàn tán?

Àwọn kan ń ta ìbéèrè ìdánwò lórí Telegram àti Instagram. Ẹ̀tàn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Síbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ayédèrú ni ọmọ rà, ẹ̀ṣẹ̀ ni, nítorí pé ó gbìyànjú. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, àṣà màgòmágó yìí bá wa tilé wá ni. Ní 2023, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Nàìjíríà gbé èsì ìdánwò JAMB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò àṣewọlé fásitì níbẹ̀, jáde pé òun gba 362. JAMB ní irọ́ ni, 249 ló gbà, wọ́n sì kéde pé kò ní ṣe ìdánwò àwọn fún ọdún mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀, 140 ni JAMB fi ṣe òdiwọ̀n tó kéré jù fún fásitì lọ́dún náà. 249 rẹ̀ dára! Irọ́ ló bo ohun tó ní gan-an mọ́lẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún rèé. Láàárọ̀ ìdánwò, ẹ gba fóònù àti aago lọ́wọ́ ọmọ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni láti bá a ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé. Láti 2022 ni òfin ti ka títa irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ti kọjá ọdún mẹ́rìndínlógún sí ọ̀ràn ní England. Ẹ̀yin pásítọ̀, ẹ̀yin ìmáàmù, ẹ ṣí gbọ̀ngán yín nírọ̀lẹ́ ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ fún àwọn ọmọ láti kàwé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ti wọ fásitì, ẹ padà wá jókòó tì wọ́n. Tábìlì wà ní Peckham Library. Tí wọ́n bá sì fẹ̀sùn kan ọmọ yín, ẹ má fi ìtìjú bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ béèrè ẹ̀sùn náà àti ẹ̀rí rẹ̀, kí ọmọ fèsì, kí ilé-ìwé bá yín pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tí ìdájọ́ kò bá tọ́.

Ọmọbìnrin ọjọ́sí tún ìwé kọ lọ́dún kejì. Ó kọ ọ́ pé àbúrò òun ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, pé òun ti sùn lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní ọsibítù lọ́pọ̀ òru. Mo bá a kọ̀wé tẹ́lẹ̀, n kò sì bi í léèrè rí! Gbólóhùn méjì wọ́ díẹ̀ níbẹ̀. Mo ká ọwọ́ mi, n kò fọwọ́ kàn án. Wọ́n gbà á.

Láti ọ̀dọ̀ àwọn tó wọlé ní 2026 ni UCAS ti sọ àkọsílẹ̀ náà di ìbéèrè mẹ́ta: kí ló dé tó o fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí, báwo ni ẹ̀kọ́ rẹ ṣe múra rẹ sílẹ̀, kí lo sì ti ṣe lẹ́yìn odi ilé-ìwé? Ní Sátidé yìí, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, ẹ bi ọmọ yín ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí ẹ dákẹ́, kí ẹ gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fún un ní bírò.