Oòrùn Òkè-Ògùn Kì Í Ṣe Aṣọ Ẹ̀yìn Àwòrán

 

Láìpẹ́ yìí, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi fi àwòrán kan hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Ọmọ Ṣakí ni. Ó ti lọ sí ẹsẹ̀ Òkè Àsábàrí ní ìrọ̀lẹ́, ó sì ya oòrùn bí ó ti ń wọ̀ lọ sí ìhà ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Àwòrán náà dára tó bẹ́ẹ̀ tí n kò kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì péré ló kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ méjì tí gbogbo ayé ń kọ sábẹ́ irú àwòrán bẹ́ẹ̀, tí ìtumọ̀ wọn jẹ́ wákàtí wúrà. Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi kọ ọ́ ní Yorùbá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Sà, ẹ má bínú, Yorùbá ò ní orúkọ fún un. Pupa nìkan la ní."

N kò bínú sí ọmọ náà. Ohun tí a kò fi lé ènìyàn lọ́wọ́, a kò lè bi í pé ibo ló gbé e sí. Àwa tí ó yẹ kí a kọ́ ọ ni ẹ̀bi wà lọ́rùn wa, èmi tí mo gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹ̀dá èdè pẹ̀lú sì wà lára wọn. Nítorí náà ni mo ṣe ń kọ èyí. Bí a ti ń ya ojú ọ̀run Òkè-Ògùn lónìí, tí a ń pín in kiri láìdárúkọ rẹ̀, ìwà ẹni tó mú ohun olóhun lọ láìkí onílé ni à ń hù.

Kí n kọ́kọ́ dá àwọn àgbà wa lóhùn. Àwọn kan tí mo bọ̀wọ̀ fún láàárín wa máa ń sọ pé àṣà òyìnbó ni kí ènìyàn dúró kí ó máa wo oòrùn tó ń wọ̀. Wọ́n ní ohun tí àwọn baba wa ń wá lójú ọ̀run ni ìgbà òjò, ìgbà oko, àti ìgbà tó yẹ kí ènìyàn kọrí sílé. Pé wọn kò wò ó nítorí ẹwà. Àwọn ẹlẹ́sìn mìíràn tí wọ́n ń pè wá ní kèfèrí náà ń sọ ohun tó jọ ọ́. Wọ́n ní abọ̀rìṣà kò rí ẹwà lójú ọ̀run, pé ẹ̀rù àti ìbọ nìkan ló mọ̀. Ó yẹ kí ó kọ àwọn àgbà wa lóminú pé ohùn wọn àti ohùn àwọn tó ń bú wa bára mu lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Èdè wa fúnra rẹ̀ ló já irọ́ náà. Ẹ gbọ́ bí a ti ń kí ara wa: ẹ kú ìdájí, ẹ káàárọ̀, ẹ kú ìyálẹ̀ta, ẹ káàsán, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ káalẹ́. Bí afẹ́fẹ́ gbígbẹ bá dé láti àríwá, a ó ní ẹ kú ọyẹ́. Bí òjò bá kọ̀ tí kò rọ̀, a ó ní ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹni tí kò gbójú sókè kò lè mọ èyí tó kàn nínú àwọn ìkíni wọ̀nyí. Kí Yorùbá tó kí ọmọnìkejì rẹ̀, ó ti wo ojú ọ̀run ná. Àwa babaláwo pẹ̀lú kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìjúbà ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn. Èwo ni ti pé a kì í wò ó?

Ẹ̀rọ ayàwòrán náà kì í ṣe ọ̀tá wa. Ní 1978, Stephen Sprague kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn African Arts lórí bí àwọn ayàwòrán Yorùbá ti sọ iṣẹ́ fọ́tò di tiwọn. Ó ṣàlàyé bí wọ́n ti ń mú àgbà jókòó kí ó kọjú síni bí ẹni tó mọ ipò ara rẹ̀, àti bí àwọn òbí ìbejì kan ní Ìlá Ọ̀ràngún ti ń lo fọ́tò níbi tí wọn ì bá ti lo ère. Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbé ẹ̀rọ ayàwòrán wá sáàárín wa; ní 1953 ó di babaláwo, orúkọ rẹ̀ sì di Fátúmbí. Kò dúró lórí àwòrán. Ó kọ́ orúkọ ewé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ó fi gbé ìwé ńlá kan jáde lórí ewé ní 1995, ọdún kan ṣáájú ikú rẹ̀. Ojú ló mú un wá sọ́dọ̀ wa, etí ló mú un dúró. Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa kò ju ìyẹn lọ.

Ó wá kan ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ẹ ní pupa nìkan la ní. Láti 1969 tí Berlin àti Kay ti tẹ ìwé wọn jáde lórí orúkọ àwọ̀, tí wọ́n sì to àwọn èdè ayé ní ipele-ipele gẹ́gẹ́ bí iye orúkọ àwọ̀ ìpìlẹ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní, ó ti rọrùn fún ẹni tí kò kà á délẹ̀ láti rò pé èdè tó ní dúdú, funfun àti pupa kò rí ju àwọ̀ mẹ́ta lọ. Ṣùgbọ́n Yorùbá kì í sọ pupa kí ó pa ẹnu dé. Pupa fòò yàtọ̀ sí pupa rúsúrúsú, pupa rẹ́súrẹ́sú sì yàtọ̀ sí méjèèjì. Dúdú kirikiri kì í ṣe dúdú minimini. Àwọn aláró mọ àyìnrín yàtọ̀ sí aró tó jinlẹ̀, ẹni tó bá sì ti jẹ ìyeyè rí mọ àwọ̀ tí à ń fi orúkọ èso náà pè.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé Ìsẹ́yìn, ọmọ Ebedi, níbi tí òfì kì í ti í dákẹ́. Aṣọ mẹ́ta làwọn ahunṣọ kà sí olórí: sányán, tó ní àwọ̀ eruku ilẹ̀ gbígbẹ, àlàárì, tó pọ́n bí osùn, àti ẹtù, aró dúdú tí ìlà tín-ín-rín funfun là kọjá bí ìyẹ́ ẹyẹ ẹtù. Ẹ wo ojú ọ̀run ìlú náà ní ìrọ̀lẹ́ ọyẹ́, sányán ni. Ẹ wò ó lẹ́yìn òjò ńlá bí oòrùn ti ń wọ̀, àlàárì ni. Ẹ tún wò ó nígbà tí Àgùàlà bá ti yọ, tí àwọn ìràwọ̀ kéékèèké sì ń tẹ̀ lé e, ẹtù ni. N kò sọ pé àwọn baba wa ló fi orúkọ aṣọ pe ojú ọ̀run. Èmi ni mo ń dá a lábàá, torí pé ẹni tó ní irú àpótí aṣọ bẹ́ẹ̀ nílé kò gbọdọ̀ yá aṣọ aláṣọ wọ̀.

Mo rán akẹ́kọ̀ọ́ mi sí ìyá rẹ̀ àgbà ní Ṣakí. Mo ní kí ó má ṣe béèrè orúkọ wákàtí náà. Kí ó kàn jókòó tì í láti ọ̀sán títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kí ó sì kọ gbogbo ohun tí màmá bá sọ nípa ọjọ́. Ohun tó kọ nìyí: oòrùn yẹ̀ àtàrí. Oòrùn rọ̀. Ọjọ́ lọ. Oòrùn wọ̀. Ilẹ̀ pòfírí. Ilẹ̀ ṣú. Màmá kò mọ̀ pé òun ń kọ́ ẹnikẹ́ni. Àdìyẹ ló ń kó wọlé.

Ẹ rí ibi tí ọmọ náà ti ṣìnà. Orúkọ ló ń wá, nítorí pé orúkọ ni Gẹ̀ẹ́sì fi lé e lọ́wọ́, kò sì mọ̀ pé inú ọ̀rọ̀-ìṣe ni Yorùbá kó ìmọ̀ tirẹ̀ sí. Ìrọ̀lẹ́ lójú wa kì í ṣe ohun kan tó dúró sójú kan tí a lè fi orúkọ kan so mọ́lẹ̀. Ìrìn ni, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Oòrùn wa kì í jókòó, ó ń wọ̀, bí ẹni tó ń wọ ilé rẹ̀. Ibi tó ń wọ̀ sí là ń pè ní ìwọ̀-oòrùn. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá tán, ilẹ̀ là ń sọ pé ó ṣú; nígbà tó bá padà, ilẹ̀ là ń sọ pé ó mọ́. Ẹni tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì wo ìrọ̀lẹ́ Ṣakí ti sọ gbogbo èyí nù kí ó tó tẹ bọ́tìnnì fóònù rẹ̀.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ kí a lé gbogbo àlejò jáde nínú èdè. "Sánmà" tí gbogbo wa ń pè, láti inú èdè Lárúbáwá ló ti wá, ó sì ti di ọmọ ilé. Ṣùgbọ́n ó bá "ojú ọ̀run" àti "òfuurufú" nílé ni, kò lé wọn jáde. Àlejò tó ń lé onílé ni mo ń bá jà.

Ẹni tó bá sì fẹ́ ya ojú ọ̀run dáadáa, kí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Bí oòrùn bá ti súnmọ́ ilẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń la afẹ́fẹ́ tó pọ̀ ju ti ọ̀sán lọ. Afẹ́fẹ́ ń fọ́n èyí tó jọ aró ká, èyí tó pupa ló ń kù tó ń dé ojú wa. Nígbà ọyẹ́, eruku aṣálẹ̀ Sàhárà, tí púpọ̀ rẹ̀ ń ti Bodélé ní ilẹ̀ Chad wá, máa ń sọ oòrùn di àwo rúsúrúsú tó ń pòórá kí ó tó kan ilẹ̀. Lẹ́yìn òjò tó fọ eruku lọ ni pupa fòò máa ń yọ. Nítorí pé a kò jìnnà sí agbedeméjì ayé, oòrùn wa ń wọ̀ ní ìdúró ṣánṣán, àṣálẹ́ wa kì í sì í pẹ́ bíi ti Yúróòpù: bí ogún ìṣẹ́jú ó lé díẹ̀, ilẹ̀ ti ṣú. Fóònù pẹ̀lú kì í sọ òótọ́ tán. Bí ó bá rí pupa tó pọ̀, ó lè gbà pé àṣìṣe ni, kí ó sì tún un ṣe sí funfun. Ẹni tí kò fi ojú ara rẹ̀ wò ó kò ní mọ̀ pé a ti pa á láwọ̀ dà.

Ní báyìí, kí n fi igbá bu omi sí ojú ara wa. Ẹ wo àwọn àwòrán ìkíni Ọ̀sẹ̀ Ifá tí àwa ẹlẹ́sìn ìṣẹ̀ṣe ń fi ránṣẹ́ síra wa lórí WhatsApp. Oòrùn etíkun ilẹ̀ òkèèrè ló wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, tàbí òkè tí yìnyín bò. A kọ ọ̀rọ̀ Ọ̀rúnmìlà sórí òkè yìnyín! Àwa tí a ní Àsábàrí, tí a ní Ebedi, tí a ní Òkè Àdó tí adágún Ìyákẹ́ wà lórí rẹ̀ ní Àdó Àwáyè. Nígbà tí a bá tilẹ̀ lo tiwa, aṣọ ẹ̀yìn ilé ayàwòrán la sọ ọ́ dà, tí ènìyàn ń dúró síwájú rẹ̀ láìmọ ohun tó wà lẹ́yìn òun.

Ohun tó wà lẹ́yìn náà ń lọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó ń rin ọ̀nà Ìgbòho tàbí ti Ṣakí iye àpò èédú tó ń rí létí ọ̀nà. Igi èmí àti igi igbá tí òjìji wọn ń fi ẹwà kún àwòrán ìrọ̀lẹ́ ni a ń sun. Èéfín náà ń mú oòrùn pọ́n sí i, a sì ń yìn ín, a kò mọ̀ pé igi wa ló ń jó lójú ọ̀run. Ẹni tó mọ orúkọ igi tó wà nínú àwòrán rẹ̀ yóò mọ̀ nígbà tí igi náà kò bá sí níbẹ̀ mọ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n sí igi lásán, ọjọ́ wo ni yóò fura?

Ohun tí mo ń béèrè kò le. Kí àwòrán ojú ọ̀run kankan má ṣe ti ọwọ́ wa jáde mọ́ láìsí orúkọ ibi tí a ti yà á, ìgbà tí a yà á, àti gbólóhùn Yorùbá kan tó sọ ohun tí oòrùn ń ṣe nígbà náà. Kí a fi ojú ọ̀run tiwa rọ́pò ti àjèjì nínú gbogbo ìkíni wa. Bí òkè náà bá jẹ́ ibi ìbọ, kí a gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín kí a tó gbé ẹ̀rọ sókè. Kí ọ̀dọ́ kọ̀ọ̀kan sì lọ jókòó ti àgbà kan ní ìrọ̀lẹ́ kan, kí ó kọ ohun tó bá gbọ́ sílẹ̀.

Ọmọ Òkè-Ògùn kan ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn ní agbègbè Ìsẹ́yìn, tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, ló tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní London ní 1843. Ẹ̀sìn rẹ̀ kì í ṣe tiwa, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún wàásù kí a lè fi tiwa sílẹ̀. Síbẹ̀ ó kó ọ̀rọ̀ wa jọ. Ìtìjú ńlá ni yóò jẹ́ bí bíṣọ́ọ̀bù bá kó ọ̀rọ̀ wa pamọ́, tí àwa ọmọ Awo sì sọ ọ́ nù.

Bí mo ti ń parí ìwé yìí, oòrùn ti rọ̀. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.