Ismáílà: Orúkọ Hébérù Ni, Orúkọ Mùsùlùmí Sì Ni



Àwọn ọ̀dọ́ wa kan ń sọ ọ́ kiri pé orúkọ tí kò bá ti inú èdè Lárúbáwá wá kì í ṣe orúkọ Mùsùlùmí. Ìwọ tó ń jẹ́ Ismáílà, wọ́n lè ti sọ fún ọ pé orúkọ Yàhúdí lo ń jẹ́, kí o lọ wá òmíràn. Ẹ̀yin òbí tí ẹ fẹ́ sọ ọmọ yín bẹ́ẹ̀, ẹ lè ti máa ṣiyèméjì. Ẹ jẹ́ ká yẹ orúkọ náà wò ná.

Òótọ́ ni pé Hébérù ni. Yishma'el ni àwọn tó ni èdè náà ń pè é. "Shama" ni kí a gbọ́, "El" sì ni Ọlọ́hun: Ọlọ́hun ń gbọ́. Nínú ìwé Jẹ́nẹ́sísì tó wà lọ́wọ́ àwọn Yàhúdí, mọ̀láíkà ló ní kí Hájárà sọ ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí pé Ọlọ́hun ti gbọ́ ìpọ́njú rẹ̀. Tiwa náà kò jìnnà síyẹn. Nínú Súrà Ibrahim, ẹsẹ 39, Ànábì Ibrahim dúpẹ́ pé Ọlọ́hun fún òun ní Ismáílà àti Ishaq lọ́jọ́ ogbó, ó sì fi kún un pé Olùgbọ́ àdúà ni Olúwa òun. Àbí ẹ ò rí i bí ó ṣe bá ìtumọ̀ orúkọ ọmọ náà mu? Ọmọ ilé kéú á ti fura pé ọmọ ìyá kan náà ni "shama" ti Hébérù àti "sami'a" ti Lárúbáwá. Nígbàkígbà tí ìmáámù bá gbórí sókè kúrò ní rúkúù, tó ní "Sami'allāhu liman hamidah", ọ̀rọ̀ tó wà nínú orúkọ Ismáílà ló ń sọ yẹn. Yorùbá tó sọ ọmọ rẹ̀ ní Olúwagbọ́hùnmi náà kò sọ nǹkan mìíràn.

Ẹni tó bá ti ka nàháwù díẹ̀ mọ̀ pé àwọn onímọ̀ èdè Lárúbáwá fúnra wọn ka Ibrahim, Ismáílà, Ishaq àti Ya'qub mọ́ orúkọ àjèjì; ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi tánwínì sí wọn. Wọ́n mọ̀ pé àlejò ni wọ́n, wọn ò sì lé wọn jáde. Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ńkọ́? Nígbà tí Máríyà ará Íjíbítì bí ọmọkùnrin fún un ní Mẹ̀dínà, Ibrahim ló sọ ọ́, orúkọ baba ńlá rẹ̀. Bí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ àbùkù, ṣé òun ni ì bá fún ọmọ tirẹ̀?

Ohun tó ń kọ mí lóminú ju ìyẹn lọ ni pé ọ̀pọ̀ Ismáílà ò mọ̀ pé Àlùkùránì yin ẹni tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní olódodo sí àdéhùn, nínú Súrà Maryam, ẹsẹ 54. A sọ wọ́n lórúkọ, a pa ẹran, a jẹun, a tú ká, ẹnikẹ́ni ò sọ ìyókù fún wọn.

Ní ti àwọn ìyá wa tó ń pè é ní Sùmáílà, tí àwọn ọ̀dọ́ ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Lárúbáwá náà ò pè é bí àwọn Hébérù ṣe pè é.