Ìwé Èwe, Ahọ́n Àgbà

Bí àwọn ọ̀rẹ́ bá kóra jọ ní Abẹ́òkúta, tí oníkálukú ń dárúkọ ìlú tó wù ú láti rí, Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà kì í wọ́n lẹ́nu wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé Fágúnwà tó jáde ní 1938, ti ní Òkè Láńgbòdó lọ́kàn kó tó gbọ́ orúkọ físà rárá.

Ìwé èwe tún máa ń fúnni ní ọ̀nà ìsọ̀rọ̀. Ẹ wo Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta tí a bí ní 1920. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ìtàn ọ̀mu tó jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952, síbẹ̀ ahọ́n Yorùbá ló ń dún níbẹ̀ (àwọn ọ̀mọ̀wé kan tilẹ̀ bú u nítorí rẹ̀). Ọmọ Ìbarà ni J. F. Ọdúnjọ, orúkọ Aláwíyé tó fún ìwé rẹ̀ ti kọ́ ọmọdé pé kí ó wí kó yéni.

Ohun tó ń kọni lóminú ni akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ tí kò lè dárúkọ ìwé Yorùbá kan ṣoṣo tó kà léwe. Kí ni yóò fi lé ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ́wọ́? Ó yẹ kí á máa bi wọ́n ní ìbéèrè yìí lọ́jọ́ tí wọ́n bá wọlé, kí ẹni tí kò bá rí ìdáhùn sì lọ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Ọdúnjọ.