Kí Wọ́n Dí I, Kí Wọ́n Má Yọ Ọ́

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa, a kò gbà pé dandan ni kí eyín àgbà ká. Bí erìgì bá fà sẹ́yìn, gbòǹgbò eyín á hàn síta. Kò ní èèpo líle bíi ti orí eyín, ìdí nìyẹn tó fi tètè ń jẹrà. Ẹ̀yin awakọ̀ àti òṣìṣẹ́ òru tí ń mu mínírà díẹ̀díẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, ẹ̀yin la ń bá wí. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn máa ń mú ẹnu gbẹ (ẹ má torí rẹ̀ pa oògùn tì o!); omi lásán ni kí ẹ máa mu. Ẹ fi ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride fọ ẹnu lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ẹ tu ú dànù, ẹ má fi omi ṣan ẹnu lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá ti lu, dókítà eyín lè dí i. Ṣùgbọ́n yíyọ nìkan ni àwọn ọ̀gá wa ń sanwó fún. Owó dídí la ń béèrè nínú ìwé àdéhùn tuntun.