Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ni Ká Ṣí, Yàrá Ni Ká Tì

Nínú agbo ilé àwọn baba wa, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà fún àlejò, yàrá sì wà fún onílé. Ẹni tó bá ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ pa, tó wá ṣí yàrá sílẹ̀ gbayawu, orí onítọ̀hún ló yẹ ká yẹ̀ wò. Ohun tí ìjọba wa ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì gan-an nìyẹn.

Ẹ wo yàrá ná. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN wa, ọjọ́ ìbí wa, àdírẹ́sì wa: ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ló yẹ kí wọ́n wà. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, ẹgbẹ́ Paradigm Initiative ké gbàjarè pé ìkànnì kan tó ń jẹ́ AnyVerify ń ta ìwé NIN àwọn ọmọ Nàìjíríà ní 100 náírà, owó tí kò lè ra búrẹ́dì. Àjọ NIMC fèsì pé kò sẹ́ni tó já wọ inú àkójọ ìsọfúnni àwọn. Ó dáa. Bí olè kò bá fọ́lẹ̀kùn, tí ẹrù sì dé ọjà, ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà?

Àgádágodo nìkan kò tó. Ọ́fíìsì tí òṣìṣẹ́ mẹ́wàá ti ń lo ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé kan ṣoṣo, tí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri, kò ní ìlẹ̀kùn rárá. Kí oníkálukú ní tirẹ̀. Kí ẹ̀rọ máa kọ orúkọ ẹni tó wọlé àti ohun tó wò sílẹ̀. Kí wọ́n sì gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wá ńkọ́? Nígbà tí mo wà nídìí iṣẹ́ ìwé ìròyìn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ sí ọ́fíìsì kan nítorí bọ́jẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní àṣírí ìjọba ni. Bẹ́ẹ̀ Òfin Òmìnira Ìròyìn ọdún 2011 pàṣẹ pé kí iléeṣẹ́ ìjọba fúnra rẹ̀ gbé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ síta. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì là á mọ́lẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2025 pé òfin náà de àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun tó bá fẹ́ mọ iye tí ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn yà sọ́tọ̀ fún ọ̀nà àdúgbò rẹ̀, kò yẹ kó wọkọ̀ lọ sí Ìlobùú lọ bẹ akọ̀wé. Orí fóònù rẹ̀ ló yẹ kó ti kà á, láì forúkọ sílẹ̀.

Bákan náà ni àwòrán ààlà ilẹ̀. Ìjà ilẹ̀ láàrin Ẹ̀rìn, Ìlobùú àti Ìfọ́n ti gbẹ̀mí. Àwòrán nìkan kò lè parí ìjà, ṣùgbọ́n níbi tí ìwé bá ti pamọ́, àhesọ ló ń jọba.

Àwọn kan á ní bí a bá ṣí i, àwọn ọ̀bàyéjẹ́ á wọlé. Irọ́ ni. Ẹnu ọ̀nà òǹkàwé yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń ṣàtúnṣe. Ẹni tó ka bọ́jẹ́ẹ̀tì kò lè yí i padà.

Ẹ̀yin gómìnà, ẹ̀yin alága, ẹ̀yin ọ̀gá àjọ: ìwé ìnáwó ìlú kì í ṣe yàrá yín, bẹ́ẹ̀ ni NIN wa kì í ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ síbi tó yẹ.