Bí Tọ́ọ̀ṣìpáàdì Yín Bá Dákẹ́, Ẹ Má Gba Dìráífà Inú Fíláàṣì

Ẹ̀yin ará Ilé-Ifẹ̀, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé láti Lágéré títí dé Máyífíà, ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ fi láàpùtọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tọ́jú máàkì àwọn ọmọ: bí tọ́ọ̀ṣìpáàdì ẹ̀rọ yín bá kọ̀ tí kò dá ìka yín lóhùn mọ́, ẹ dúró ná. Ẹ má tíì wá dìráífà kankan. Ẹ má ki fíláàṣì ẹnikẹ́ni bọ ẹ̀rọ náà. Ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí tán kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, pàápàá bó bá jẹ́ Windows 7 tàbí èyí tó dàgbà jù ú lọ ló wà lórí rẹ̀.

Kòkòrò kan wà tí àwọn onímọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà ń pè ní XRed. Orúkọ tó fi ń bojú ló mú kí n pariwo. Bó bá ti wọ inú ẹ̀rọ, yóò dá àpò kan tó ń jẹ́ Synaptics sílẹ̀ nínú ProgramData lórí C, yóò gbé fáìlì Synaptics.exe síbẹ̀, yóò sì kọ orúkọ ara rẹ̀ mọ́ àwọn ohun tó ń bá Windows jí ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tan ẹ̀rọ. Orúkọ tó kọ síbẹ̀ ni “Synaptics Pointing Device Driver”. Synaptics gidi jẹ́ ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ṣe tọ́ọ̀ṣìpáàdì fún ọ̀pọ̀ láàpùtọ́ọ̀pù tó wà lọ́wọ́ wa níbí, kò sì lọ́wọ́ sí kòkòrò náà rárá. Ọ̀daràn tó kọ ọ́ mọ̀ pé ẹni tó bá rí orúkọ yẹn yóò rò pé dìráífà tọ́ọ̀ṣìpáàdì ni, yóò sì fi í sílẹ̀. Ẹni tó ti ń wá dìráífà Synaptics láti àárọ̀ tilẹ̀ lè dúpẹ́ pé ó ti rí i.

Ohun tó ń ṣe kò kéré. Ó ń ka gbogbo bọ́tìnnì tí ẹ bá tẹ̀, páṣíwọ́ọ̀dù báǹkì àti ti pọ́tà ilé-ìwé wà nínú rẹ̀. Ó ń ya àwòrán ojú ẹ̀rọ. Ó ń wọnú àwọn fáìlì exe tó wà lórí Desktop, nínú Documents àti nínú Downloads, débi pé bí ẹ bá pa Synaptics.exe fúnra rẹ̀, sọ́fítíwíà mìíràn tí ẹ ṣí lọ́la yóò tún un bí. Ó ń wọnú ìwé Excel, yóò sì sọ xlsx di xlsm. Lẹ́yìn èyí ni yóò gun fíláàṣì, yóò sì bá a jáde.

Ẹ wo bí ọjọ́ kan ṣe ń rí nínú ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan ṣoṣo ní ìlú yìí. Ẹnìkan wá tẹ project jáde, òmíràn wá tẹ CV, ìyá kan mú ìwé ìforúkọsílẹ̀ JAMB ọmọ rẹ̀ wá, bàbá kan fẹ́ tẹ slip NIN, akọ̀wé ìjọ mú ìwé ètò ìsìn ọjọ́ Àìkú. Fíláàṣì ọwọ́ gbogbo wọn ló wọ inú ẹ̀rọ kan náà. Bí XRed bá wà nínú ẹ̀rọ yẹn ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti dé họ́sítẹ́ẹ̀lì, ó ti dé ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ó ti dé Mọdákẹ́kẹ́. Ọ̀nà yìí ni mo ń bẹ̀rù jù.

Kí ló dé tó fi jẹ́ pé tọ́ọ̀ṣìpáàdì ló ń kó wa sí pàkúté yìí? Windows 7 jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2009. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀ṣìpáàdì ń gba ojú ọ̀nà tí máòsì àtijọ́ ń gbà, èyí tí wọ́n ń pè ní PS/2, Windows 7 sì mọ ọ̀nà yẹn dáadáa. Lẹ́yìn ìgbà náà, àwọn tó ń ṣe láàpùtọ́ọ̀pù bẹ̀rẹ̀ sí í kó lọ sí ọ̀nà mìíràn tó ń jẹ́ I2C. Windows 8 tó dé ní 2012 mọ̀ ọ́n láti inú wá. Windows 7 kò mọ̀ ọ́n. Ẹnìkan á wá ra láàpùtọ́ọ̀pù tí wọ́n ṣe ní 2018, á ní kí wọ́n fi Windows 7 sí i, bóyá torí ó fúyẹ́, bóyá torí sọ́fítíwíà ìṣirò owó tó ń lò kò gbà láti ṣiṣẹ́ lórí tuntun. Ìka rẹ̀ yóò máa rá lórí páàdì, ọfà ojú ẹ̀rọ kò ní mira. Lórí àwọn ẹ̀rọ tó ní Intel ìran kẹfà, èyí tó jáde ní 2015, àti àwọn tó tẹ̀ lé e, máòsì USB pàápàá lè má ṣiṣẹ́, nítorí Windows 7 kò bá dìráífà USB 3 wáyé. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti há báyìí, tí ọjọ́ ìfìwéránṣẹ́ project sì ti dé tán, gbogbo ẹni tó bá sọ pé “mo ní i nínú fíláàṣì mi” ló máa gbà gbọ́.

Àmọ́ ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò sí dìráífà kankan láti wá. Láàpùtọ́ọ̀pù àtijọ́, irú àwọn HP àti Dell ọdún 2010 sí 2012, Windows 7 sábà máa ń lo tọ́ọ̀ṣìpáàdì wọn bíi máòsì lásán láìsí dìráífà àfikún. Ohun tí dìráífà ń fi kún un ni kí ìka méjì lè yí ojú ìwé sókè sódò, àti àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ṣiṣẹ́ lánàá tó wá kú lónìí, ẹ kọ́kọ́ wo ìlà F1 sí F12: lórí ẹ̀rọ púpọ̀, ẹ óò rí àwòrán páàdì kékeré lórí ọ̀kan nínú wọn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ pọ̀ mọ́ Fn. Lára àwọn HP kan, bí ìka bá kan igun òkè apá òsì páàdì lẹ́ẹ̀mejì, yóò pa á. Ẹ tún kàn án bẹ́ẹ̀ kí ó lè tàn.

Ẹ fi ìka tọ páàdì náà wò pẹ̀lú. Ṣé ó ti wú sókè? Ṣé ó ti le tí kò ṣeé tẹ̀ mọ́, tàbí ara láàpùtọ́ọ̀pù ti ń yanu lẹ́gbẹ̀ẹ́? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bátìrì, nítorí abẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n tẹ́ ẹ sí nínú ọ̀pọ̀ láàpùtọ́ọ̀pù pẹlẹbẹ. Bátìrì lithium tó wú lè gbiná. Ẹ pa ẹ̀rọ náà lójú ẹsẹ̀, ẹ yọ ṣájà, ẹ má fi ọwọ́ tẹ páàdì náà wọlẹ̀, ẹ má gún un, ẹ má gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ sì gbé e lọ bá ẹni tó mọ iṣẹ́ kí ó yọ bátìrì náà. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa ta dìráífà fún yín lórí ọ̀rọ̀ tó lè jó ilé.

Nígbà tó bá wá dájú pé dìráífà ni ẹ nílò, ẹ mọ irú nǹkan tí ẹ fẹ́ gbà. Dìráífà dà bí ẹni tí a fún ní kọ́kọ́rọ́ yàrá inú lọ́hùn-ún: inú ọkàn Windows ló ń gbé, níbi tí antivirus fúnra rẹ̀ kò ti ní agbára púpọ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí Windows fi ń bi yín kí ó tó gbà á, tí Windows 7 onípò 64-bit sì ń kọ dìráífà tí kò ní ìbuwọ́lùwé. Bí ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe fún yín bá ní kí ẹ pa antivirus ná, tàbí tó ń tẹ F8 kí ó lè fagi lé àyẹ̀wò ìbuwọ́lùwé náà, ẹ gba ẹ̀rọ yín lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lè jẹ́ ènìyàn rere tí kò mọ̀ ni o, ewu ibẹ̀ kò dín kù.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé àsọdùn ni. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, XRed yìí gan-an ni wọ́n bá nínú sọ́fítíwíà tí Procolored, ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan ní Ṣáínà, ń fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Cameron Coward tó ń ṣàyẹ̀wò ẹ̀rọ lórí YouTube ló kọ́kọ́ fura nígbà tí antivirus rẹ̀ ké. Ilé-iṣẹ́ náà ní kò sí nǹkan kan ńbẹ̀. Karsten Hahn ti G Data ní Jámánì yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì bá fáìlì 39 tí kòkòrò ti bà jẹ́. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà wá ń ṣàlàyé, wọ́n ní fíláàṣì ni wọ́n fi gbé sọ́fítíwíà náà kó tó dórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì lè jẹ́ ibẹ̀ ló ti kó o. Bí fíláàṣì bá lè ṣe ilé-iṣẹ́ tó ń ta ẹ̀rọ káàkiri ayé báyìí, kí ni yóò ṣe fún ṣọ́ọ̀bù ẹnu ọ̀nà wa?

Dìráífà àtijọ́ tó wá láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ gidi náà kì í ṣe ohun tí a lè fọkàn balẹ̀ sí. Ní 2017, Michael Myng rí i pé nínú dìráífà tọ́ọ̀ṣìpáàdì Synaptics tó wà lórí láàpùtọ́ọ̀pù HP, irinṣẹ́ kan wà tó lè máa ka bọ́tìnnì tí ènìyàn ń tẹ̀. Wọ́n ní irinṣẹ́ àyẹ̀wò tí àwọn tó kọ dìráífà gbàgbé síbẹ̀ ni. Pípa ni ó wà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gba àkóso ẹ̀rọ lè tan án. Irú láàpùtọ́ọ̀pù tó lé ní 460 ni HP kà sílẹ̀, ó sì gbé àtúnṣe jáde. Dìráífà tó wà nínú CD tàbí fíláàṣì láti ṣáájú àtúnṣe yẹn ṣì lè gbé irinṣẹ́ náà dání títí dòní.

Nítorí náà, ibi tí ẹ ó ti gbà á nìyí. Ẹ yí láàpùtọ́ọ̀pù dojú bolẹ̀, ẹ ka orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ lo fóònù tàbí ẹ̀rọ mìíràn tó wà ní àlàáfíà, ẹ fi ọwọ́ ara yín tẹ àdírẹ́sì HP, Dell, Lenovo tàbí ẹni tó bá ṣe é. Ẹ má tẹ ìpolówó tó kọ́kọ́ yọ lórí Google, ẹ sì sá fún sọ́fítíwíà tó ń ṣèlérí pé òun yóò tún gbogbo dìráífà ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí fáìlì bá dé, ẹ tẹ máòsì apá ọ̀tún lórí rẹ̀, ẹ wo Properties, kí ẹ wo ẹni tó buwọ́ lù ú lábẹ́ Digital Signatures. Bí Windows 7 bá kọ dìráífà gidi, ó ṣeé ṣe kí ó má ní àtúnṣe KB4474419 ti ọdún 2019 tó ń jẹ́ kí ó lè ka ìbuwọ́lùwé ìgbàlódé. Inú Microsoft Update Catalog ni ẹ ti máa gbà á. Bí ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà kò bá ní dìráífà Windows 7 fún un, ẹ má wá a kiri. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun ní in, ó lè máa pa irọ́ tàbí kí ó máa gbé kòkòrò kiri láìmọ̀.

Láàárín ìgbà náà, ẹ ra máòsì USB. Bí ìyẹn kò bá ṣiṣẹ́, ẹ tẹ Alt apá òsì, Shift apá òsì àti Num Lock pọ̀: àwọn nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ kíbọ́ọ̀dù yóò di máòsì fún yín, ẹ óò sì lè parí iṣẹ́ ọwọ́ yín.

Ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ Windows 7 fúnra rẹ̀, mi ò ní fi bò fún yín. Microsoft ṣíwọ́ àtúnṣe lórí XP ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin ọdún 2014, lórí Windows 7 ní ọjọ́ 14 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020, lórí 8.1 ní ọjọ́ 10 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023. Windows 10 tẹ̀ lé wọn ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, àfi fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àtúnṣe àfikún. Nígbà tí kòkòrò WannaCry bẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 2017, tó ti fáìlì àwọn ènìyàn pa ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 150 tó sì ń béèrè owó ìtúsílẹ̀, Windows 7 tí wọn kò fi àtúnṣe sí ló pọ̀ jù nínú àwọn tó mú, bẹ́ẹ̀ àtúnṣe náà ti wà nílẹ̀ láti oṣù Kẹta. Lónìí, kò sí àtúnṣe tó ń bọ̀ fún Windows 7 mọ́. Bí ẹ̀rọ yín bá lè gbé Windows 11, ẹ gbé e sí i. Bí kò bá lè gbé e, Linux Mint tàbí Lubuntu wà lọ́fẹ̀ẹ́, inú wọn ni dìráífà ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀ṣìpáàdì ti ń bá wọn wá, kò ní sí fíláàṣì tí ẹ ó máa yá kiri. Bó bá jẹ́ sọ́fítíwíà kan ṣoṣo ló so yín mọ́ Windows 7, ẹ yọ ẹ̀rọ yẹn kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì pátápátá.

Ẹ̀yin tó ṣeé ṣe kí XRed ti wọ inú ẹ̀rọ yín, ẹ ṣí C, ẹ wo ProgramData. Pípamọ́ ni àpò yẹn sábà ń wà, ẹ tẹ orúkọ rẹ̀ sókè níbi àdírẹ́sì kí ó lè ṣí. Dìráífà gidi máa ń wà nínú Program Files. Bí ẹ bá rí Synaptics.exe nínú ProgramData, tàbí tí ẹ rí fáìlì tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ._cache_, tàbí tí ìwé Excel yín ṣàdédé di xlsm, ẹ yọ ẹ̀rọ náà kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì báyìí. Ẹ fi fóònù pààrọ̀ páṣíwọ́ọ̀dù ímeèlì àti ti báǹkì, kí ẹ pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì ATM yín. Ẹ gba ìwé àti àwòrán yín sílẹ̀, ẹ fi gbogbo exe àti xlsm sílẹ̀ síbẹ̀, ẹ nu dísìkì náà mọ́, ẹ sì gbé ètò tuntun kalẹ̀. Fíláàṣì tó ti wọ inú rẹ̀ rí, ẹ nu òun náà mọ́ lórí ẹ̀rọ tó ní àlàáfíà. Ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀bù, ẹ sọ fún àwọn oníbàárà tó ti ki fíláàṣì bọ ẹ̀rọ yẹn láti ìgbà tí ẹ ti fura, ẹ má fi ìtìjú pa á mọ́. Láti òní lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fi ìwé wọn ránṣẹ́ sí yín ní PDF láti orí fóònù wọn.